Èmi Ni Mo Ra Á, Kí Ló Dé Tó Ní N Kò Láṣẹ?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ àgbà ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì, inú ìlú Ondo ni mo sì ń gbé. Mo ra láptọ́ọ̀pù kan láti máa fi kọ ìtàn ìdílé wa, kí n sì máa fi ka ìròyìn. Àwọn ọmọ-ọmọ mi méjì tó wà lọ́dọ̀ mi náà ń lò ó, wọ́n ń fi ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, wọ́n sì ń ṣe géèmù lórí rẹ̀. Nígbà tí àkọ́bí mi wá láti Èkó ní àsìkò Àjíǹde, ó ní òun fẹ́ bá mi tún un tò. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti fẹ́ fi ohun tuntun sórí rẹ̀, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn, á ní kí n kọ pásíwọ́ọ̀dù Administrator. Mo pe ọmọ mi lórí fóònù, ó ní òun ti sọ àkáǹtì mi di Standard, pé bẹ́ẹ̀ ló dáa fún mi. Ó ka pásíwọ́ọ̀dù náà fún mi, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí. Owó ìfẹ̀yìntì mi ni mo fi ra ẹ̀rọ yìí. Ṣé ọmọ tí mo bí ló yẹ kó sọ mí di ẹni tó ń tọrọ àṣẹ nínú ilé ara mi? Ẹ jọ̀wọ́, kí ni Administrator, kí ni Standard, báwo ni mo sì ṣe lè gba àṣẹ mi padà?

Olùkọ́ àgbà, Ondo

ÌDÁHÙN

Bàbá, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ibi tó ń dùn yín ni mo máa kọ́kọ́ fọwọ́ bà, torí òun ló wúwo jù nínú lẹ́tà yín, n kò sì fẹ́ kí ẹ fi ìbínú ka ìyókù. Àṣẹ yín kò kúrò lọ́wọ́ yín. Pásíwọ́ọ̀dù tí ọmọ yín kà fún yín, tí ẹ kọ sílẹ̀, òun gan-an ni àṣẹ náà. Ẹni tó bá ní in lọ́wọ́ ni ọ̀gá ẹ̀rọ yẹn, ẹ̀yin lẹ sì ní in. Ohun tí ọmọ yín ṣe ni pé ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ ńlá kúrò lọ́rùn yín, ó fi í sínú àpótí yín.

Ó yẹ kó tọrọ àyè lọ́wọ́ yín kó tó ṣe é. Ibẹ̀ ni mo ti dá a lẹ́bi. Iṣẹ́ tó ṣe dáa, ọ̀nà tó gbà ṣe é ni kò dáa.

Ìdànrè ni wọ́n bí mi sí. Àgbẹ̀ oníkòkó ni bàbá mi, ó sì ní yàrá kan lẹ́yìn ilé tó máa ń kó àpò kòkó gbígbẹ sí títí àwọn tó ń rà á yóò fi dé. Òun ló kọ́ yàrá náà, òun ló ra àgádágodo ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Síbẹ̀ n kò rí i rí kó mú kọ́kọ́rọ́ yẹn lọ sóko. Abẹ́ aṣọ nínú àpótí màmá mi ló máa ń wà. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan. Ó ní àdá àti agbọ̀n lòun nílò lóko, òun kò rí ohun tí kọ́kọ́rọ́ yàrá kòkó fẹ́ bá òun ṣe níbẹ̀. Pé bó bá já bọ́ sínú ewé, ẹni tó bá he é ti he iṣẹ́ ọdún kan gbáko. Ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ yẹn ni mo ṣì fi ń lóye iṣẹ́ tí mò ń ṣe lónìí.

Àkáǹtì orí kọ̀ǹpútà kì í ṣe ti owó. Orúkọ tí ẹ̀rọ fi mọ ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ ni, pẹ̀lú yàrá tó yà sọ́tọ̀ fún ẹni náà. Bí ẹ bá ṣí fódà tó ń jẹ́ Users lórí dísìkì C, ẹ máa rí àwọn yàrá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ onílé wà lára wọn. Inú yàrá tiyín ni Desktop, Documents, Pictures àti Downloads yín wà, ibẹ̀ náà sì ni ìtàn ìdílé tí ẹ ń kọ wà bí kò bá jẹ́ pé ibòmíràn lẹ dìídì tọ́jú rẹ̀ sí. Fódà kan tún wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Public. Ìyẹn dà bí ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo ará ilé ló ń gba ibẹ̀ kọjá, ibẹ̀ sì ni kí ẹ máa kó àwòrán tí ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ rí sí.

Ẹni tí àkáǹtì rẹ̀ jẹ́ Standard lè ṣe ohun tó wù ú nínú yàrá tirẹ̀. Ó lè kọ̀wé, ó lè lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó lè tẹ ìwé jáde, ó lè pààrọ̀ àwòrán tó wà lójú Desktop rẹ̀, ó lè yí pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀ padà. Kò lè wọ yàrá ẹlòmíràn. Kò lè fọwọ́ kan fódà Windows tàbí Program Files, níbi tí ìpìlẹ̀ ilé wà. Kódà, kò lè yí aago ẹ̀rọ padà.

Administrator lè ṣe gbogbo rẹ̀. Ó lè dá àkáǹtì sílẹ̀, ó lè pa á rẹ́, ó lè pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù ẹlòmíràn, ó lè dá ohun tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì dúró. Ó sì lè wọ yàrá ẹnikẹ́ni nínú ilé: Windows á kàn sọ fún un pé kò tíì ní àyè láti wọ ibẹ̀, pé kó tẹ Continue, bó bá ti tẹ̀ ẹ́, ó ti wọlé nìyẹn. Bàbá, ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀ wo èyí. Bí àwọn ọmọ-ọmọ yín bá ń jókòó sínú àkáǹtì Administrator, gbogbo ìwé owó ìfẹ̀yìntì yín ló ṣí sílẹ̀ gbayawu fún wọn, àti fún ohunkóhun tí wọ́n bá dáńlóòdù láìmọ̀.

Windows kọ́ ló dá ọgbọ́n yìí sílẹ̀. Ní ọdún 1961, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, Fernando Corbató àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ètò kan tí wọ́n pè ní CTSS, tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn lè máa lo kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ní àkókò kan náà. Kọ̀ǹpútà ayé ìgbà náà ń gba odindi yàrá, owó gọbọi ni wọ́n sì ń rà á, kò sí bí oníkálukú ṣe lè ní tirẹ̀. Fáìlì gbogbo wọn wà lójú kan, wọ́n sì ní láti wá bí ẹnì kan kò ṣe ní máa tú ẹrù ẹnì kejì. Bí wọ́n ṣe fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní pásíwọ́ọ̀dù nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni Unix dé, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, ọ̀gá pátápátá lórí rẹ̀ ń jẹ́ root. Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ni pé àwọn tó mọ̀ ọ́n jù lọ kì í jókòó sínú root. Orúkọ gbáàtúù ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ òòjọ́. Bí wọ́n bá nílò àṣẹ, wọ́n á kọ sudo síwájú ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n á fi pásíwọ́ọ̀dù sí i, iṣẹ́ kan yẹn á parí, àṣẹ á padà sáyè rẹ̀. Kò sí èyí tó ka ìyẹn sí àbùkù nínú wọn. Ní 1975, àwọn onímọ̀ méjì, Jerome Saltzer àti Michael Schroeder, kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí gbogbo prógíráàmù àti gbogbo ẹni tó ń lo ẹ̀rọ máa fi àṣẹ tó kéré jù tó lè parí iṣẹ́ náà ṣiṣẹ́. Bàbá mi kò gbọ́ orúkọ wọn rí, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ.

Ọdún 2006 ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ní Ọ̀yẹ́mẹ́kùn, ní Àkúrẹ́ níbí. Windows XP la máa ń bá lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé wá nígbà náà. Bí ẹ bá ń gbé XP sórí ẹ̀rọ, á bi yín léèrè orúkọ àwọn tó máa lò ó, gbogbo orúkọ tí ẹ bá sì kọ síbẹ̀ ló máa di Administrator, kò ní sọ fún yín. Bàbá jẹ́ Administrator, ọmọ jẹ́ Administrator, àlejò tó kàn yà láti tẹ lẹ́tà kan jẹ́ Administrator. Ẹnì kan á ti kàfé dé pẹ̀lú fúláàṣì, á kì í bọ ẹ̀rọ, fáírọ́ọ̀sì á sì bá a wọlé pẹ̀lú àṣẹ ọ̀gá. Iṣẹ́ tí a ń ṣe jù lọ ní ṣọ́ọ̀bù láyé ìgbà yẹn ni kí a pa gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀rọ rẹ́, kí a tún Windows gbé sórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sunkún nítorí iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Oṣù Kìíní ọdún 2007 ni Windows Vista dé ọjà, òun ló sì mú ìbéèrè tó ń mú ojú kọ̀ǹpútà yín ṣókùnkùn yẹn wá. Inú ń bí àwọn èèyàn sí i nígbà náà bó ṣe ń bí yín sí i báyìí. Ṣùgbọ́n ìdí wà tó fi ń ṣókùnkùn. Windows gbé ìbéèrè náà lọ sí ibi kan tó dá wà, níbi tí prógíráàmù mìíràn kò ti lè nawọ́ tẹ Yes fún ara rẹ̀. Ọwọ́ èèyàn tó jókòó síwájú ẹ̀rọ ni wọ́n ń retí. Bí ẹ bá sì ti fi pásíwọ́ọ̀dù sí i, prógíráàmù kan ṣoṣo tó béèrè yẹn ló gba àṣẹ. Ẹ rántí bó ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa ní Àkúrẹ́ bí Déjì bá wàjà: ọmọ ọba obìnrin á di Adelé, á dé adé, àṣẹ á sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́, lọ́jọ́ tí ọba tuntun bá gorí ìtẹ́, ó parí. Prógíráàmù tí ẹ fún láṣẹ náà, bó bá ti pa dé, àṣẹ rẹ̀ ti tán.

Ẹ lè sọ pé, bó bá jẹ́ pé Windows ń bi Administrator náà léèrè, kí ló wá burú nínú kí n jẹ́ Administrator? Ìbéèrè tó dáa ni. Bí Administrator bá wọlé, Windows á fún un ní kọ́kọ́rọ́ méjì, kékeré àti ńlá, kékeré ló sì máa fi ṣiṣẹ́ títí yóò fi tẹ Yes. Ṣùgbọ́n Yes lásán ni. Wọn kì í bi í ní pásíwọ́ọ̀dù. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tó ń wá géèmù á ti tẹ Yes kó tó kà á. Àwọn fáírọ́ọ̀sì kan sì wà tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ́ mú kọ́kọ́rọ́ ńlá láìjẹ́ pé ìbéèrè kankan jáde, torí inú ilé kan náà ni kọ́kọ́rọ́ méjèèjì wà. Microsoft fúnra wọn kò ka ìbéèrè yẹn sí odi ààbò fún ẹni tó ti jẹ́ Administrator. Ti Standard yàtọ̀. Kọ́kọ́rọ́ ńlá kò sí lápò rẹ̀ rárá, kò sí ohun tí olè fẹ́ yọ níbẹ̀.

Mo san owó ẹ̀kọ́ yìí, Bàbá. Ní 2017, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá gbé lọ́dọ̀ mi láti múra JAMB. Láptọ́ọ̀pù mi ló fi ń kàwé, àkáǹtì mi ló fi ń wọlé, Administrator sì ni àkáǹtì náà. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, n kò ṣe é. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó dáńlóòdù ohun kan tí wọ́n ní ó máa jẹ́ kó ṣe géèmù olówó lọ́fẹ̀ẹ́. Windows bi í, ó tẹ Yes. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, orúkọ gbogbo fáìlì mi ti yí padà, kò sí ẹyọ kan tó ṣí, ìwé kan sì wà lójú Desktop tó ń sọ iye tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀. N kò san án. Àwòrán ìsìnkú màmá mi wà nínú wọn, ó lé ní igba, gbogbo àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ síwájú ilé wa ní Ìdànrè. Méjì nínú wọn ti lọ láti ìgbà náà. Mọ́kànlá péré ni mo rí gbà padà nínú àwòrán wọ̀nyẹn, láti inú fóònù àwọn ẹbí.

N kò bá ọmọ náà jà. Ká ní mo ti ya àkáǹtì Standard sọ́tọ̀ fún un ni, ohun tó dáńlóòdù ì bá ba ohun tó wà nínú yàrá tirẹ̀ àti nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ Public jẹ́. Kò ní rọ́nà wọ yàrá tèmi.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí agbára Standard mọ pẹ̀lú. Kò lè gba fáìlì yín lọ́wọ́ ohun tí ẹ̀yin fúnra yín bá ṣí, torí pé nínú yàrá yín, ẹ̀yin lẹ láṣẹ, ohun tí ẹ bá sì ṣí ń fi àṣẹ yín ṣiṣẹ́. Kò sì lè dá ẹni tó bá pè yín lórí fóònù pé báǹkì lòun ti ń pè dúró. Nítorí náà, ìtàn ìdílé yín yẹn, ẹ máa dà á kọ sórí fúláàṣì tàbí dísìkì ìta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀rọ bí ẹ bá ti ṣe tán. Èyí tí ẹ bá fi sílẹ̀ lára ẹ̀rọ, ohun tó bá bá ẹ̀rọ máa bá òun náà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ jẹ́ kí àkáǹtì yín wà ní Standard. Kí ẹ wá fi àkáǹtì Administrator tí ọmọ yín dá sílẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lọ sí Settings, Accounts, Sign-in options, kí ẹ yí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ padà sí èyí tí ẹ̀yin fúnra yín yàn. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò bára wọn tan, tí ẹ tò pọ̀ láìfi àmì ohùn sí i, lágbára ju orúkọ ọmọ pẹ̀lú ọdún ìbí lọ. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, kí ẹ fi í sínú fáìlì tí ìwé ilẹ̀ yín wà. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara láptọ́ọ̀pù. Bóyá ẹ máa sọ ọ́ fún ọmọ yín, bóyá ẹ kò ní sọ ọ́, ọwọ́ yín ló kù sí.

Ohun kan tún kù tí ọmọ yín kò ṣe, òun ni mo kà sí pàtàkì jù: àwọn ọmọ-ọmọ yín ṣì ń lo yàrá yín. Bí ẹ bá ti wà nínú àkáǹtì Administrator, ẹ lọ sí Settings, Accounts, Other users; lórí Windows 10, Family & other users ni wọ́n pè é. Ẹ tẹ Add account (lórí Windows 10, Add someone else to this PC), ẹ sọ pé ẹ kò ní ìsọfúnni ìwọlé ẹni náà, ẹ wá yan èyí tó ní kí ẹ fi ẹni kún un láìsí àkáǹtì Microsoft. Ẹ kọ orúkọ ọmọ àkọ́kọ́, kí òun fúnra rẹ̀ yan pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìkejì. Àkáǹtì tuntun máa ń jẹ́ Standard fúnra rẹ̀, ẹ kò ní láti ṣe ohunkóhun mọ́.

Láti ìsinsìnyí lọ, bí ojú rẹ̀ bá ṣókùnkùn, ẹ ka orúkọ prógíráàmù tó ń béèrè àti orúkọ ẹni tó ṣe é. Bó bá jẹ́ ohun tí ẹ̀yin fúnra yín bẹ̀rẹ̀, ẹ fi pásíwọ́ọ̀dù sí i. Bó bá jẹ́ pé ẹ jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ yín ni ó jáde, ẹ tẹ No.

Bí ẹ bá ka gbogbo èyí tán tí ẹ ṣì fẹ́ padà di Administrator, láti inú àkáǹtì ńlá yẹn, ẹ lọ sí Other users, ẹ tẹ orúkọ yín, ẹ tẹ Change account type, ẹ yan Administrator. Mo kọ ọ́ fún yín torí pé ẹ̀rọ yín ni. Mo ṣì ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe é.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA ni mí. Mo ra láptọ́ọ̀pù tókunbọ̀ kan. Orúkọ òyìnbó kan ni Administrator tó wà lórí rẹ̀, ẹni tó tà á fún mi sì ní Standard ni tèmi. N kò lè fi ohun tí mo nílò fún ẹ̀kọ́ mi sórí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní òun rí fídíò kan tó ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń já pásíwọ́ọ̀dù. Ṣé kí n gbìyànjú rẹ̀ wò?

Akẹ́kọ̀ọ́, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN

Rárá, àbúrò mi. Bí o bá tilẹ̀ já a, inú ilé tí ẹlòmíràn kọ́ lo ṣì máa máa gbé, o kò mọ ohun tó fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ilé náà ni kí o wó, kí o tún un kọ́.

Kó gbogbo fáìlì rẹ sórí dísìkì ìta. Kí bátìrì kún, kí o sì kì í sí iná, torí ó lè gba wákàtí mélòó kan, n kò sì fẹ́ kí iná lọ mọ́ ọ lọ́wọ́ láàárín. Ní ojú ibi tí wọ́n ti ń wọlé, di Shift mú kí o tẹ Restart, yan Troubleshoot, yan Reset this PC, yan Remove everything. Bó bá ti parí, orúkọ àkọ́kọ́ tí o bá kọ síbẹ̀ ló máa di Administrator. Dá Standard sílẹ̀ fún ara rẹ lẹ́yìn náà, kí o máa lo ìyẹn lójoojúmọ́.

Ohun méjì ló lè dí ọ lọ́nà. Bó bá béèrè kọ́kọ́rọ́ BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti dísìkì pa, nọ́ńbà tó gùn tó òǹkà 48 ni, kò sí ẹni tó lè méfò rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé lẹ́yìn tí o wó ilé náà tán, orúkọ ilé iṣẹ́ kan ló jáde tó ní kí o fi ímeèlì wọn wọlé, ilé iṣẹ́ yẹn ṣì ń darí ẹ̀rọ náà láti òkèèrè. Nínú méjèèjì, gbé e padà fún ẹni tó tà á fún ọ pẹ̀lú rìsíìtì rẹ. Má jẹ́ kó fi ọ̀rọ̀ dídùn dá ọ padà. Ẹ̀rọ tí kò sí ẹni tó lè fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò tíì di tìrẹ, ó sì lè jẹ́ ẹrù olè.

Wò ó bóyá Windows 10 ló wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn rẹ̀ dúró, ọ̀pọ̀ tókunbọ̀ àtijọ́ ni kò sì lè gba Windows 11. Bi ẹni tó ń tà á léèrè kí o tó sanwó nígbà mìíràn.

ÌBÉÈRÈ

Aránṣọ ni mí ní Ìjọ̀kà. Mo gbé kọ̀ǹpútà mi lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe, ojú rẹ̀ ló fọ́. Ó ní kí n kọ pásíwọ́ọ̀dù mi sílẹ̀ kí n tó máa lọ. Mo kọ ọ́ fún un, ọkàn mi kò sì balẹ̀ láti ìgbà náà. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

Aránṣọ, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN

Àǹtí, iṣẹ́ tí èmi náà ń ṣe ni, mo sì lè sọ fún yín pé ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ ojú kọ̀ǹpútà, bátìrì tàbí bọ́tìnnì ìtẹ̀wé kò nílò pásíwọ́ọ̀dù. Bí ojú tuntun bá ti tàn, tí ibi ìwọlé hàn kedere, iṣẹ́ ti parí. N kò sọ pé èrò burúkú ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ti mọ́ ọ̀pọ̀ wa lára láti máa béèrè rẹ̀, àṣà tó yẹ kí a fi sílẹ̀ ni. Bí ẹ bá ti gba ẹ̀rọ yín padà, ẹ yí pásíwọ́ọ̀dù náà lọ́jọ́ náà gan-an, bí ẹ bá sì ń lò ó fún ímeèlì tàbí báǹkì, ẹ yí ti ibẹ̀ náà.

Bó bá jẹ́ pé inú Windows ni àtúnṣe wà, ó lè nílò àṣẹ lóòótọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, oníbàárà ló ń jókòó tì mí tó ń tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Bí ẹ kò bá lè jókòó, ẹ dá Administrator fún ìgbà díẹ̀ sílẹ̀, èyí tí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ kò jọ tiyín. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí mo sọ fún Bàbá lókè: Administrator èyíkéyìí lè tẹ Continue kó wọ yàrá yín. Ẹni tó bá sì yọ dísìkì yín, tó gbé e sára ẹ̀rọ mìíràn, lè ka ohun tó wà lórí rẹ̀ láìmọ pásíwọ́ọ̀dù kankan, àyàfi bí ẹ bá ti fi BitLocker tàbí Device encryption tì í pa. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n kó àwòrán àti ìwé tí wọn kò fẹ́ kí ẹlòmíràn rí sórí dísìkì ìta, kí wọ́n pa á rẹ́ lórí ẹ̀rọ, kí wọ́n mú dísìkì lọ sílé, kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Èmi náà wà nínú ẹnikẹ́ni yẹn.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ lọ sí Other users, kí ẹ pa àkáǹtì fún ìgbà díẹ̀ náà rẹ́. Ẹ wo orúkọ tó wà lójú yín dáadáa kí ẹ tó tẹ Delete account and data, torí pé bó bá ti pa àkáǹtì, ó pa yàrá náà àti gbogbo ẹrù inú rẹ̀. Oníbàárà mi kan pa ti ara rẹ̀ ní ọdún tó kọjá, àwòrán aṣọ ọdún mẹ́rin ló wà níbẹ̀. A rí díẹ̀ gbà padà. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni a kò rí.